Kí Ló Dé Tí Kálámù Fi Ń Da Yíǹkì Nínú Bàálù?

Ní ìsinmi tó kọjá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi wọ bàálù láti Èkó lọ sí Àbújá. Kálámù tí bàbá wa àgbà fi sílẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń rọ yíǹkì sí, wà lápò wọn. Kí wọ́n tó gúnlẹ̀, yíǹkì ti ba ẹ̀wù funfun wọn jẹ́. Wọ́n pè wá lórí fóònù pé kálámù ti bàjẹ́, àwọn á sọ ọ́ nù. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má sọ ọ́ nù!"

Òfin tí Robert Boyle gbé jáde lọ́dún 1662, tí a kọ́ ní fisíìsì, ló ṣàlàyé ẹ̀. Bí bàálù bá ń gòkè, agbára tí afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ fi ń tẹ nǹkan á dínkù. Afẹ́fẹ́ tó há sínú kálámù á wá fẹ̀, á sì ti yíǹkì síta.

Nítorí náà, rọ ọ́ kún dáadáa, tàbí kó o da yíǹkì inú ẹ̀ nù pátápátá. Ààbọ̀ ló léwu. Kọjú ẹnu ẹ̀ sókè, kí afẹ́fẹ́ lè ráyè jáde láìti yíǹkì. Wá fi ọ̀rá wé e.

Bí wọ́n ṣe ṣe nìyẹn nígbà tí wọ́n ń bọ̀. Kò kán tó! Òun náà ni mo fi kọ èyí.