Owó Ìdápadà Tí Kò Pé

 

Ẹ̀yin ará mi nínú Islam, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Soje níbí àti ẹ̀yin tí ẹ wà káàkiri Minna, ọ̀rọ̀ ọjà ni mo fẹ́ bá yín sọ, ara mi ni mo sì máa ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Bàtà ni mo ń tà. Nígbà tí àwọn ọmọ ń wọlé sí sáà tuntun, ìyá kan ní àdúgbò wa ra sáńdàlì fún ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ mi ní ₦6,500. Ní ọjọ́ kẹta ó gbé e padà wá. Àtẹ́lẹ̀ ẹsẹ̀ ọ̀tún ti ṣí kúrò lára awọ. Mo yí bàtà náà sọ́tùn-ún sósì, mo rí erùpẹ̀ lára rẹ̀, mo ní, "Àlhájà, ẹ má bínú, ọmọ ti wọ̀ ọ́. N kò lè dá gbogbo owó padà." Mo ka ₦5,000 fún un. Ó ní, "Ó dáa, Àáfà," ó sì bá tirẹ̀ lọ. Bí ó bá bá mi jà ni, bóyá ǹ bá ti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà.

Ọmọ yẹn ń kéwú lọ́dọ̀ mi. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ó jókòó síwájú mi pẹ̀lú wàláà rẹ̀, sílípáàsì oníròbà ni ó wọ̀ wá. N kò lè wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Lẹ́yìn Ìṣáì mo gbé Risálà ti Ibn Abi Zayd al-Qayrawani kalẹ̀, ìwé tí púpọ̀ nínú wa kà níwájú àwọn àáfà wa, tí a sì rò pé a ti mọ̀ ọ́n tán. Ọdún 996 ni ẹni tó kọ ọ́ kú, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bàtà tèmi wà níbẹ̀.

Ẹrú ni ìwé náà fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí wọ́n ń ta ẹrú láyé ìgbà náà, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ lo ìdájọ́ náà fún ọjà mìíràn. Ẹni tó bá ra nǹkan, tó wá rí àléébù tó ti wà lára rẹ̀ kí ó tó rà á, ó lè mú un bẹ́ẹ̀ láìgba kọ́bọ̀, ó sì lè dá a padà kí ó gba owó rẹ̀ pé. Bí àléébù mìíràn bá ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ olùrà ni ọ̀rọ̀ yí padà. Nígbà náà ó lè mú ọjà náà kí ó gba iye tí àléébù àkọ́kọ́ yọ kúrò lára owó, tàbí kí ó dá a padà kí ó sì san iye ohun tí òun bàjẹ́.

Ibẹ̀ ni mo ti kọsẹ̀. Mo ka wíwọ̀ ọjọ́ méjì sí àléébù tuntun. Ṣé erùpẹ̀ ló ṣí àtẹ́lẹ̀? Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ ni kò dára láti ilé iṣẹ́. Àléébù tó wà lára bàtà nígbà tó wà lórí àtẹ mi ni, ẹsẹ̀ ọmọ ló kàn fi í hàn. Ní ti pé ọmọ ti jẹ àǹfààní rẹ̀ fún ọjọ́ méjì, hádíìsì tí Abu Dawud gbà wá láti ọ̀dọ̀ Aisha ti yanjú rẹ̀. Ọkùnrin kan ra ẹrú, ẹrú náà ṣiṣẹ́ fún un, ó wá rí àléébù lára rẹ̀, ó dá a padà. Ẹni tó tà á ké pé ó ti jẹ èrè iṣẹ́ ẹrú òun. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ṣe ìdájọ́ pé ẹni tí òfò nǹkan ìbá já lé lórí ni ó ni èrè rẹ̀. Bí iná bá jó bàtà yẹn nínú ilé ìyá náà ní ọjọ́ kejì, ta ni ìbá pàdánù? Òun ni. Nítorí náà òun náà ló ni wíwọ̀ ọjọ́ méjì.

Mo gbé ₦1,500 lọ sílé wọn lẹ́yìn Àsùbáà. Ìyá ọmọ náà bi mí pé, "Àáfà, ṣé kò ní jẹ́ pàdánù fún yín?" Mo ní èmi náà ní ẹni tí mo rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tó ta páálí bàtà náà fún mi kò tíì dá mi lóhùn títí di òní, ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ẹ̀bi ọmọ.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé kò sí ìgbà tí a lè yọ owó o. Ẹni tó ra léèsì, tó gé e, tó fún télọ̀, kí ó tó rí àbàwọ́n epo tó ti wà ní àárín rẹ̀, bí ó bá fẹ́ dá a padà, ó máa ru iye tí gígé náà bàjẹ́. Àwọn tó mọ owó aṣọ ló sì máa díwọ̀n iye yẹn, kì í ṣe ẹnu ẹni tó ń tà. Bákan náà ni hádíìsì ẹran tí wọ́n so wàrà mọ́ lọ́mú kí ọmú rẹ̀ lè tóbi lójú olùrà. Ẹni tó bá dá irú ẹran bẹ́ẹ̀ padà lẹ́yìn tí ó ti fún wàrà rẹ̀ máa fi sá'ì dàbínù kan kún un. Ẹnìkan bi mí pé ṣé èyí kò tako ọ̀rọ̀ ẹrú òkè yẹn. Kò tako ó. Wàrà tó wà nínú ọmú lọ́jọ́ tí wọ́n nájà jẹ́ ara ohun tí wọ́n tà, ó sì ti di mímu, kò ṣeé dá padà mọ́.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń tẹ̀ ẹ́ sórí rìsíìtì pé ọjà tí a bá ti tà, a kì í gbà á padà. Ẹ wo ohun tó wà nínú Muwatta ti Imam Malik. Ibn Umar ta ẹrú kan ní 800 dírámù, ó sì ti sọ pé ọrùn òun mọ́ kúrò nínú àléébù yòówù. Ẹni tó rà á ní àìsàn kan wà tí kò sọ fún òun. Ẹjọ́ dé ọ̀dọ̀ Uthman. Uthman ní kí Ibn Umar búra pé òun kò mọ̀ nípa àìsàn náà nígbà tí òun ń tà á. Ibn Umar kọ̀, kò búra, ó gba ẹrú rẹ̀ padà. Ara ẹrú náà wá yá lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì tà á ní 1,500 dírámù. Bí gbólóhùn ẹnu Ibn Umar kò bá gbà á sílẹ̀ láìsí ìbúra, kí ni ìlà kan nísàlẹ̀ rìsíìtì máa ṣe fún wa? Òfin ilẹ̀ wa náà kò gbà á. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti 2018, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní 2019, fún olùrà lẹ́tọ̀ọ́ láti gba owó rẹ̀ pé bí ọjà kò bá lè ṣe iṣẹ́ tí ó sọ fún ọlọ́jà pé òun fẹ́ fi ṣe, tí ó bá sì dá a padà láìpẹ́. Àjọ FCCPC ló ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí kò rí àléébù kankan, tó kàn ní àwọ̀ aṣọ kò wu ìyàwó òun, kò lè fi ipá gba owó. Àánú ni ó ń tọrọ. Ẹni tó bá ṣe é fún un, hádíìsì Abu Hurayra ṣèlérí pé Ọlọ́hun máa fo àṣìṣe tirẹ̀ dá. Bí àwọn méjèèjì bá fínnú-fíndọ̀ gbà pé kí wọ́n yọ díẹ̀, ọ̀nà Imam Malik tí à ń tẹ̀lé gbà á, nítorí òwò tuntun ni. Àmọ́ oúnjẹ tí olùrà kò tíì gbà sọ́wọ́, iye tó san gan-an ni kí wọ́n dá padà.

Ẹ sọ́ra lórí àwìn. Mo ta ìdì ànkárá fún ọ láwìn ní ₦50,000, oṣù méjì ni àdéhùn. Kí oṣù tó pé mo ní, "Gbé e wá," mo ka ₦40,000 fún ọ lọ́wọ́, gbèsè rẹ ṣì wà ní ₦50,000. Aṣọ ti padà sílé. Kí ló kù láàárín wa? ₦40,000 tí yóò di ₦50,000. Èlé ni.

Láti Júùnù 2023 tí ìjọba ti tú náírà sílẹ̀ lọ́jà pàṣípààrọ̀, àwọn kan ń dá ọjà alábùkù padà tí wọ́n sì ń béèrè iye tí wọ́n ń tà á lónìí. Iye tí o san ni tìrẹ. Bí ọjà bá sì wálẹ̀, ọlọ́jà kò gbọdọ̀ fi iye tòní dá ọ lóhùn.

Ní ti àsansílẹ̀ tí ọlọ́jà ń gbẹ́sẹ̀ lé bí olùrà bá yí ọkàn padà, Imam Malik kò gbà á, ó sì mú hádíìsì wá lórí rẹ̀. Àwọn tó ń tẹ̀lé Imam Ahmad gbà á.

Ẹni tí èdè-àìyedè owó ìdápadà bá wà láàárín òun àti ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ wa, kí àwọn méjèèjì jọ wá lẹ́yìn Ìṣáì pẹ̀lú ọjà àti rìsíìtì. A máa pe oníṣòwò méjì tó mọ irú ọjà náà láti díwọ̀n rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ bàtà, kí wọ́n pe ẹlòmíràn yàtọ̀ sí mi.