Èèwọ̀ Kọ́, Ara Ni Kò Gbà Á

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí oúnjẹ bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí mo fẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò níhìn-ín ni ẹni tí ó rí oúnjẹ jẹ, tí oúnjẹ náà sì wá di ìyọnu sí i nínú. Ìlasà-Èkìtì ni n óò ti mú àpẹẹrẹ mi, nítorí ibẹ̀ ni mo ti máa ń lo ìsinmi.

Ọ̀nà mẹ́ta ni a fi ń kọ oúnjẹ ní èdè wa. Èkíní ni, "Èèwọ̀ mi ni." Ìyẹn jẹ mọ́ ìdílé tàbí òrìṣà. Èkejì ni, "N kò fẹ́ràn rẹ̀." Ti ọ̀fun nìyẹn. Ẹ̀kẹta ni, "Ara mi kò gbà á." Ẹni tí ó bá pe èèwọ̀ nílé ẹlòmíràn, kò sí ẹni tí yóò tún rọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ní ara òun kò gbà á, wọn yóò ní, "Ẹ kàn tọ́ ọ wò, kò ní ṣe yín ní nǹkan kan." Ìdí nìyí tí àwọn mìíràn fi ń fi èèwọ̀ bojú. Bẹ́ẹ̀ ìyàtọ̀ ńlá wà láàrin méjèèjì: èèwọ̀ kò ní díẹ̀, ṣùgbọ́n àìbáramu oúnjẹ ní ìwọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí a fi mílíìkì ṣe àpẹẹrẹ, nítorí òun ni ó kan àwa Yorùbá jù. Ṣúgà kan wà nínú mílíìkì tí a ń pè ní lactose. Oje kan wà nínú ìfun wa tí ń fọ́ ṣúgà yìí sí wẹ́wẹ́ kí ara tó lè lò ó. Ọmọ ọwọ́ ní oje yìí lọ́pọ̀lọpọ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí a bá ti já ọmọ lẹ́nu ọmú, oje náà a máa dínkù lára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá mu mílíìkì púpọ̀, ṣúgà náà yóò lọ sínú ìfun ńlá láìfọ́. Àwọn kòkòrò àìfojúrí ibẹ̀ yóò jẹ ẹ́, afẹ́fẹ́ yóò kún inú, omi yóò sì ya wọ ìfun. Láàrin ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí méjì, inú yóò máa kùn, yóò wú, ìgbẹ́ gbuuru sì lè tẹ̀ lé e.

Ní ọdún 1971, Norman Kretchmer, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ìwádìí kan jáde nínú ìwé ìròyìn Lancet lórí ọ̀rọ̀ yìí ní Nàìjíríà. Wọ́n rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo àgbàlagbà Yorùbá tí wọ́n yẹ̀ wò ni ara wọn kò lè fọ́ ṣúgà náà dáadáa, ṣùgbọ́n èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn Fúlàní darandaran lè fọ́ ọ. Ìwádìí tí wọ́n ṣe láàrin ìdílé, tí ó jáde ní ọdún 1975, fi hàn pé àjogúnbá ni agbára yìí. Nítorí náà, àrùn kọ́, èpè kọ́. Nǹkan bí ẹni méjì nínú mẹ́ta láyé ni ara wọn rí bẹ́ẹ̀.

Àìmọ̀ èyí a máa tú ilé. Àbúrò ìyá mi kan wà ní Ìlasà tí inú máa ń run ún bí ó bá ti ilé àna rẹ̀ dé. Ẹ̀kọ gbígbóná àti mílíìkì ni ìyá ìyàwó rẹ̀ fi ń ṣe é lálejò. Kò pẹ́ tí àwọn ará ilé fi ń sọ pé wọ́n ti fi nǹkan sí oúnjẹ fún un. Ọdún kan gbáko ni kò fi ẹsẹ̀ tẹ ilé àna rẹ̀ mọ́. Ìgbà tí inú náà tún run ún nílé ara rẹ̀, lẹ́yìn tí ó da mílíìkì sí gàrí mu, ni ó tó yé e pé mílíìkì ni, kì í ṣe ènìyàn.

Báwo ni a ṣe lè mọ̀ ọ́n? Ẹ kọ ohun tí ẹ jẹ sílẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀, àsìkò rẹ̀ àti ohun tí inú yín ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ fi mílíìkì sílẹ̀ pátápátá fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ sì tún mu díẹ̀ wò. Bí ìyọnu náà bá lọ, tí ó sì tún padà, ẹ ti rí i mú. Àwọn ilé ìwòsàn mìíràn a máa fi èémí ẹni yẹ̀ ẹ́ wò.

Bí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ má bẹ̀rù. Ọ̀pọ̀ irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè mu ife mílíìkì kan, pàápàá bí ó bá bá oúnjẹ mìíràn rìn. Ẹ ṣọ́ mílíìkì inú agolo: wọ́n ti fa omi inú rẹ̀ dínkù, nítorí náà ṣúgà rẹ̀ ki. Wàrà tí àwọn obìnrin Fúlàní ń fi ewé bomubomu dì rọrùn fún inú jù, nítorí púpọ̀ nínú ṣúgà náà ti bá omi rẹ̀ lọ. Mílíìkì tí ó ti kan náà sàn. Ní ti egungun ara, ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń jẹ teegun-teegun àti ẹ̀fọ́ yóò ràn wá lọ́wọ́.

Ìkìlọ̀ mẹ́ta kù. Bí oúnjẹ kan, bóyá ẹ̀pà tàbí edé, bá mú kí ètè wú, kí ara lé, tàbí kí èémí há, ilé ìwòsàn ni kíákíá. Ìyẹn kò ní díẹ̀ rárá. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́, tàbí tí ènìyàn ń rù, ẹ má di ẹ̀bi ru mílíìkì. Ẹ lọ rí dókítà. Ẹ má sì gba ọmú lẹ́nu ọmọ ọwọ́ nítorí pé ó ń yàgbẹ́ gbuuru. Ẹ máa fún un lọ́mú, kí ẹ sì gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, a mọ bí a ti ń bọ̀wọ̀ fún èèwọ̀. Ẹ jẹ́ kí a bọ̀wọ̀ fún "ara mi kò gbà á" pẹ̀lú. Bí àlejò bá wí bẹ́ẹ̀, kò bú wa, kò sì fura sí wa. Ẹ bi í léèrè èyí tí ara rẹ̀ gbà, kí ẹ sì gbé e fún un.