Ẹ̀kọ́ Inú Ìwé: Àwọn Ọ̀rẹ́ Ìgbà Èwe Tí Wọ́n Tún Pàdé

Àwọn baba wa ni wọ́n wí pé ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Òtítọ́ ni: ọkọ yóò gbé ọ̀kan lọ, iṣẹ́ yóò gbé èkejì lọ. Ṣùgbọ́n òwe náà kò sọ bí yóò ti rí nígbà tí méjì nínú wọn bá tún fojú kan ara wọn lẹ́yìn tí wọ́n ti dàgbà. Nítorí èyí ni a ṣe mú ìwé kan wá fún ẹ̀kọ́ oṣù yìí. Sula ni orúkọ rẹ̀. Toni Morrison, obìnrin aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, ni ó kọ ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1973. Òun kan náà ni ó gba Ẹ̀bùn Nobel ní 1993, tí ó sì dágbére fún ayé ní 2019. Ìwé àwọn àgbà ni. Kí olùkọ́ má ṣe fi lé ọmọdé lọ́wọ́.

I. ÌTÀN NÁÀ

Ní àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú kan ní ìpínlẹ̀ Ohio, àwọn ọmọbìnrin méjì ń bá ara wọn ṣọ̀rẹ́. Nel jẹ́ ọmọ ilé tí ohun gbogbo wà létòlétò; Sula jẹ́ ọmọ ilé aláriwo tí èrò kì í dá níbẹ̀. Ní 1922, nígbà tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún 12, wọ́n ń ṣeré létí odò pẹ̀lú ọmọkùnrin kékeré kan. Sula di ọwọ́ ọmọ náà mú, ó ń fì í yípo. Ọwọ́ yọ̀, ọmọ náà bọ́ sínú odò, kò sì yọ jáde mọ́. Sula sunkún kíkorò. Nel kò sunkún. Òun ni ó ń tu ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú. Wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní 1927, Nel fẹ́ Jude. Sula sì fi ìlú sílẹ̀ fún ọdún 10. Nígbà tí ó padà ní 1937, inú Nel dùn bí ẹni tí a dá ojú rẹ̀ padà fún. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ó fi ká Sula mọ́ Jude. Jude kọ ilé sílẹ̀, ọ̀rẹ́ àwọn méjèèjì sì túká. Ní 1940, Sula dùbúlẹ̀ àìsàn. Nel lọ bẹ̀ ẹ́ wò, ó bá a ra oògùn, ó sì bi í léèrè ìdí tí ó fi ṣe ohun tí ó ṣe. Sula náà bi í padà pé, báwo ni ó ti ṣe mọ̀ pé òun Nel ni ẹni rere nínú àwọn méjèèjì? Wọ́n pínyà láìlárèéjà. Nígbà tí ikú dé, ohun tí ó wá sí Sula lọ́kàn ni pé òun yóò ròyìn rẹ̀ fún Nel.

II. OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A FIYÈ SÍ

Ní 1965, Nel lọ kí Eva, ìyá ìyá Sula, ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ìyá àgbà náà bi í bí ó ti pa ọmọkùnrin kékeré nì. Nel dáhùn pé Sula ni. Eva ní ìyàtọ̀ wo ni ó wà níbẹ̀? Ṣebí Nel dúró, ó ń wò.

Àwọn àgbà wa ti sọ irú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́: ẹni tí ó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tí ó gbà á sílẹ̀. Fún ọdún 43 ni Nel ti ń rò pé ọkàn tútù ni kò jẹ́ kí òun sunkún létí odò. Ní ọjọ́ náà ni ó tó rántí pé nígbà tí ọwọ́ ọmọ náà yọ̀, ohun kan nínú òun dùn sí i. Ó ti fi ẹ̀bi náà sí ọrùn Sula, ó sì ń rìn gẹ́gẹ́ bí olódodo láàárín ìlú.

Nígbà tí ó ti ibojì Sula ń bọ̀, ojú rẹ̀ là. Láti ìgbà tí Jude ti lọ ni ó ti rò pé ọkọ ni òun ń ṣọ̀fọ̀. Kì í ṣe ọkọ rárá, Sula ni. Ó ké igbe ńlá lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń ké pè kò sí mọ́ láti dáhùn.

A kò wí pé Sula kò ṣẹ̀. Ó ṣẹ̀ gidigidi, ẹkún Nel kò sì wẹ̀ ẹ́ mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rẹ́ ìgbà èwe ni ẹlẹ́rìí tí ó mọ̀ wá kí a tó wọ ẹ̀wù iyì. Nígbà mìíràn a kì í sá fún un nítorí ibi tí ó ṣe sí wa nìkan, bí kò ṣe nítorí ohun tí ó mọ̀ nípa wa.

III. ÌBÉÈRÈ FÚN ẸGBẸ́

1. Kí ni ó mú kí Nel pe ara rẹ̀ ní ẹni rere?
2. Ǹjẹ́ ẹni tí ó dúró wòran ní ìpín nínú ohun tí ó ṣẹlẹ̀?
3. Ta ni ọ̀rẹ́ ìgbà èwe tí àwa fúnra wa kò bá sọ̀rọ̀ mọ́? Ẹ̀bi tirẹ̀ nìkan ha ni bí?

Bí ẹni náà bá wà láàyè, kí a kọ ìwé sí i kí oṣù yìí tó parí. Ọdún 25 ni ó wà láàárín ikú Sula àti ẹkún Nel.