"Ìwádìí Fi Hàn": Ìwádìí Wo?

Gbólóhùn kan ti di àkọ́sórí lẹ́nu àwọn oníròyìn ìlera lórí rédíò àti nínú ìwé ìròyìn wa: "Ìwádìí fi hàn pé…" Ohunkóhun tó bá tẹ̀ lé e, ọ̀pọ̀ olùgbọ́ a gbà á bí òfin. Ẹlòmíràn lè torí ẹ̀ pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ tì. Bẹ́ẹ̀, oríṣiríṣi iṣẹ́ tí agbára wọn kò dọ́gba la ń kó sábẹ́ orúkọ kan ṣoṣo yìí. Ó yẹ ká yà wọ́n sọ́tọ̀.

"Àyẹ̀wò" ni èyí tí wọ́n ń ṣe fún aláìsàn: àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, àyẹ̀wò ìtọ̀. "Ìwádìí" ni kí onímọ̀ gbé ìbéèrè kan dìde, kó sì wá ìdáhùn rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn èèyàn: bí àpẹẹrẹ, kó fún àwọn kan lóògùn, kó má fún àwọn mìíràn, kó wá fi wọ́n wéra. "Àtúngbéyẹ̀wò" yàtọ̀ sí méjèèjì. Ẹni tó ń ṣe é kì í fọwọ́ kan aláìsàn. Ìwádìí tí àwọn ẹlòmíràn ti tẹ̀ jáde ló ń kó jọ, tó ń kà, tó sì ń wọn ẹ̀rí inú wọn.

Àtúngbéyẹ̀wò pàápàá pé oríṣi. Àkọ́kọ́ ni mo pè ní àtúngbéyẹ̀wò alálàyé. Ọ̀gá nínú iṣẹ́ ló sábà máa ń kọ ọ́, ó sì dára fún ẹni tó fẹ́ mọ bí ọ̀rọ̀ kan ṣe bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó dé. Àbùkù rẹ̀ ni pé òǹkọ̀wé lè mú ìwádìí tó bá èrò rẹ̀ mu, kó fi ìyókù sílẹ̀, kí òǹkàwé má sì mọ̀. Àwọn àgbà ti sọ ọ́: a-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà.

Èkejì ni àtúngbéyẹ̀wò onílànà. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti kọ ìbéèrè wọn sílẹ̀, ibi tí wọn yóò ti wá ìwádìí, irú èyí tí wọn yóò gbà àti èyí tí wọn yóò kọ̀. Ẹlòmíràn lè tọ ipasẹ̀ wọn wò. Torí irú iṣẹ́ yìí ni wọ́n ṣe dá àjọ Cochrane sílẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1993. Ẹ̀ka rẹ̀ ní Nàìjíríà wà ní Calabar.

Ẹ̀kẹta ni ìṣirò àpapọ̀, tí onímọ̀ kan, Gene Glass, sọ lórúkọ lédè Gẹ̀ẹ́sì ní 1976. Wọ́n á kó iye inú ọ̀pọ̀ ìwádìí pọ̀, wọ́n á ṣírò wọn di ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ìṣirò kì í sọ ìwádìí tí kò dáa di èyí tó dáa.

Ẹ̀kẹrin ni àtúngbéyẹ̀wò awojú-ilẹ̀: kí ni wọ́n ti wádìí, kí ló kù? Ẹ má ṣe fi í jẹ́rìí pé oògùn kan ń ṣiṣẹ́.

Ìyàtọ̀ yìí kan ẹ̀mí èèyàn. Ní 1956, ìwé ìtọ́jú ọmọ tí Benjamin Spock, dókítà ará Amẹ́ríkà, kọ bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn ìyá níyànjú pé kí ọmọ ọwọ́ máa dojú délẹ̀ sùn, kí èébì má bàa há a lọ́fun. Ní 2005, olùwádìí kan, Ruth Gilbert, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ àtúngbéyẹ̀wò onílànà jáde lórí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní ká ní ẹnì kan ti kó ìwádìí tó wà nílẹ̀ jọ ní 1970 ni, ewu ìdojúdélẹ̀ ì bá ti hàn. Àmọ́ 1991 ni ìpolongo pé kí ọmọ máa fẹ̀yìn lélẹ̀ sùn tó bẹ̀rẹ̀ ní Britain, 1994 ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé, ká ní wọ́n ti tètè mọ̀ ni, ó ṣeé ṣe kí ọmọ tó lé ní 10,000 má ti kú ní Britain nìkan.

Ọ̀rọ̀-ìṣe wa náà ní ìwọ̀n. Bó bá jẹ́ ìwádìí kan ṣoṣo, ẹ ní ó "tọ́ka sí i pé." Bó bá jẹ́ àtúngbéyẹ̀wò onílànà tó gún régé, ẹ lè ní ó "fi hàn pé." Ìgbà tí ọ̀pọ̀ ìwádìí tó ṣeé gbára lé bá fẹnu kò ni kí ẹ tó sọ pé wọ́n "fìdí rẹ̀ múlẹ̀."

Nítorí náà, ẹ máa béèrè: ṣé ìwádìí kan ni, àbí àtúngbéyẹ̀wò? Irú wo? Báwo ni wọ́n ṣe ṣa èyí tí wọ́n kà? Ṣé wọ́n yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò bóyá ó ṣeé gbára lé? Ọdún wo ni wọ́n wá ìwádìí dé? Ta ló sanwó iṣẹ́ náà?

Ẹ̀yin oníròyìn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárúkọ irú iṣẹ́ náà ní gbólóhùn àkọ́kọ́. Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ má ṣe torí "ìwádìí fi hàn" dá oògùn yín dúró láìbi dókítà yín léèrè.