Ògiri Ń Bu, Ọmọ Ń Wúkọ́

Ìbéèrè: Dókítà, yàrá kan là ń gbé ní Mushin. Látìgbà tí òjò ti dé, ògiri ẹ̀yìn wọ́dúróòbù wa bu, ó dúdú bí ìdí ìkòkò. Ọlá, ọmọ mi ọlọ́dún 4, ń wúkọ́ mọ́jú, àyà rẹ̀ ń dún fíì-fíì. Lánlọ́ọ̀dù ní ká kun ògiri lọ́dà. A kùn ún, ó tún yọ. Ìyá ọkọ mi ní ọwọ́ ayé ni.
Ìyá Ọlá

Ìdáhùn: Ìyá Ọlá, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ kú àìsùn. Ẹ má bá màmá jà, àmọ́ ibi tí omi ti ń wọ ògiri ni kẹ́ ẹ wá lọ.

Irú ohun tó ń bu búrẹ́dì náà ló ń bu ògiri. Ibi tó rin, tí afẹ́fẹ́ ò dé, ló fẹ́ràn. Ó ń tú lẹ́búlẹ́bú tójú ò lè rí sáfẹ́fẹ́. Ẹni tó bá ń mí i símú lè máa sín, kó máa wúkọ́, ó sì lè gbé ikọ́ fée (asthma) dìde.

Ọ̀rọ̀ ọ̀dà yẹn, wọ́n sọ ọ́ fún bàbá Awaab Ishak náà ní Rochdale, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ọdún 2 ni Awaab nígbà tó kú ní December 2020. Lọ́dún 2022, ẹni tó wádìí ikú rẹ̀ sọ pé ilé tó bu ló fà á. Kì í ṣe pé mo fẹ́ dẹ́rù bà yín, ọ̀pọ̀ ọmọ kì í dé bẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀dà kì í dí ojú omi.

Ẹ kọ́kọ́ gbé Ọlá lọ sílé ìwòsàn ìjọba tó wà nítòsí. Bí ikọ́ náà bá ti lé ní ọ̀sẹ̀ 2, kí wọ́n yẹ ikọ́ ife (TB) wò pẹ̀lú, ọ̀fẹ́ ni. Bí ìhà rẹ̀ bá ń wọnú tó bá ń mí, ẹ má dúró dilẹ̀ mọ́. LUTH ní Ìdí-Àràbà ò jìnnà.

Ẹ fa wọ́dúróòbù kúrò lára ògiri, ẹ má sá aṣọ tútù sí yàrá. Ẹ bo imú, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ibẹ̀ nígbà tí Ọlá ò sí nílé, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ. Ẹ má po Jik mọ́ ásíìdì tí wọ́n fi ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ láéláé, oró ni èéfín rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ̀fọn àti jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ni kì í jẹ́ kẹ́ ẹ ṣí fèrèsé. Ẹ ta nẹ́ẹ̀tì sí i, kẹ́ ẹ ṣí i nígbà tí wọ́n bá pa jẹnẹrétọ̀.

Bó bá jẹ́ páànù ló ń jò ńkọ́? Òfin ilé yíyá Ìpínlẹ̀ Èkó ti 2011 ní lánlọ́ọ̀dù ló ni àtúnṣe ìta ilé, àfi bí ìwé àdéhùn yín bá sọ nǹkan mìíràn. Ẹ kọ lẹ́tà sí i, ẹ fi fọ́tò ògiri náà sí i, kẹ́ ẹ sì tọ́jú ẹ̀dà kan.