Ọwọ́ Kọ́, Èjìká Ni

Nílẹ̀ Ìgbómìnà, láti Òmù-Àrán títí dé Èsìẹ́, bí nọ́ọ̀sì bá gún màmá wa lábẹ́rẹ́ àjẹsára, tí wọn ò wá lè gbé apá sókè wé gèlè mọ́, "Ọwọ́ ń dùn mí" ni wọ́n máa sọ. Wọn ò ṣì í sọ. Láti èjìká dé ọmọ ìka, ọwọ́ là ń pe gbogbo rẹ̀. Àmọ́ níwájú dókítà àti lọ́yà, ẹ jẹ́ ká là á: "Èjìká mi òsì ni, níbi oríkèé." Abẹ́rẹ́ tó gòkè jù, tó wọ ẹ̀bá oríkèé dípò ẹran apá, ló ń dá irú ìrora yìí sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ìyá Ìgbómìnà ló ń lọ bá ọmọ wọn wẹ ọmọ l'Amẹ́ríkà. Òfin ọdún 1986 níbẹ̀ fàyè gba ẹni tí àjẹsára bíi ti ọ̀fìnkìn (flu) bá pa lára láti béèrè owó. Ọdún 2017 ni wọ́n fi ìpalára èjìká kún àkọsílẹ̀ òfin náà, bí ìrora bá ti bẹ̀rẹ̀ láàárín wákàtí 48 lẹ́yìn abẹ́rẹ́, tó sì ju oṣù mẹ́fà lọ.

Wákàtí 48 yìí gan-an ló ń kó wa sí wàhálà. Wọ́n gún màmá ní àárọ̀ Ọjọ́ Ajé, ìrora bẹ̀rẹ̀ ní ìdájí Ọjọ́rú, màmá ní "ó di ọjọ́ kẹta". Òótọ́ ni, torí à ń ka ọjọ́ tí nǹkan ṣẹlẹ̀ mọ́ ọn. Bẹ́ẹ̀ náà là ń ka ọjà ọrọọrún, bẹ́ẹ̀ sì ni ìjẹta ṣe ń jẹ́ ìjẹta. Ògbufọ̀ tó bá kọ ọ́ pé ọjọ́ mẹ́ta ló kọjá ti ba ẹjọ́ jẹ́. Ẹ dárúkọ ọjọ́ àti àsìkò: "Ìdájí Ọjọ́rú."

Ẹ má sì pe owó náà ní ìtanràn. Ẹni tó jẹ̀bi ló ń san ìtanràn. Níhìn-ín, kò pọn dandan kí a fi hàn pé nọ́ọ̀sì jẹ̀bi. Akọ̀wé Ètò Ìlera Amẹ́ríkà là ń pè lẹ́jọ́, inú owó orí tí wọ́n ń san lórí àjẹsára ni owó sì ti ń wá. Owó gbà-má-bìínú ló ń jẹ́. Irú rẹ̀ ni COVAX, ètò àjẹsára kòrónà àgbáyé, gbé kalẹ̀ lọ́dún 2021 fún orílẹ̀-èdè àti agbègbè 92, Nàìjíríà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó kú tàbí tí ara rẹ̀ bàjẹ́ títí láé nìkan ló wà fún.

Ọdún mẹ́ta ni Amẹ́ríkà fún ẹni tó fẹ́ pẹjọ́. Ọjọ́ tí ìrora kọ́kọ́ yọjú ni wọ́n ti ń kà á, kì í ṣe ọjọ́ tí dókítà sọ orúkọ rẹ̀ fún wa.