Kẹ̀kẹ́ Èwo? Ohun tí Ọ̀rọ̀-ìṣe "Gùn" Kọ́ Wa nípa Ààbò Ojú Pópó

Ìfáárà

Láti ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, owó ọkọ̀ ti di ọ̀rọ̀ tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé ìta ọgbà ń sọ. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, lítà epo kan kúrò ní nǹkan bíi 190 náírà, ó sì kọjá 480. Nínú ìlú Ìbàdàn níbí, ẹni tó ń gbé Agbowó lè fẹsẹ̀ rìn wá sí kíláàsì. Ẹni tó ń gbé Mọ́kọ́lá tàbí Òjóò kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Kẹ̀kẹ́ ì bá gbà wá sílẹ̀, nítorí kò mu epo, kì í sì í béèrè ṣéńjì. Ṣùgbọ́n ẹ dábàá rẹ̀ fún ọmọ kíláàsì yín, ẹ ó gbọ́ èsì tí èmi náà máa ń gbọ́: "Ṣé o fẹ́ kí n kú ni?"

Ìbéèrè yẹn kì í ṣe àwàdà, ó sì yẹ ká dá a lóhùn. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, mo fẹ́ fi ojú ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè wo nǹkan mẹ́ta: bí ìtumọ̀ kẹ̀kẹ́ ṣe yí padà, ohun tí ọ̀rọ̀-ìṣe tí a ń lò mọ́ ọn fi hàn nípa ewu, àti irú ọ̀nà tí ìlú wa nílò kí ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ lè padà délé láyọ̀.

1. Kẹ̀kẹ́ èwo?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya ìró sọ́tọ̀. Kẹ̀kẹ́ (ohùn ìsàlẹ̀ àti ohùn òkè) kì í ṣe kẹ́kẹ́ (ohùn òkè méjèèjì) tí í ṣe ilà ojú. Nínú Bíbélì Yorùbá, kẹ̀kẹ́ ogun ni orúkọ ohun tí ẹṣin Fáráò ń fà nínú ìwé Ẹ́kísódù. Èyí fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà gbòòrò: ohun ìrìnnà tó bá ń yí gbirigbiri lórí ilẹ̀ lè jẹ́ kẹ̀kẹ́. Nígbà tí básíkù wọ ìlú, òun ló jogún orúkọ náà. Bí àwọn bàbá wa àgbà bá sọ pé, "Mo ra kẹ̀kẹ́," ẹnikẹ́ni kò ní béèrè èwo.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni alùpùpù dé, tí a fi ìró ẹnu rẹ̀ sọ ọ́ lórúkọ. Alùpùpù tó ń gbé èrò di ọ̀kadà, láti ara orúkọ Okada Air, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú tí Gabriel Igbinedion dá sílẹ̀ ní 1983. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló dé gbẹ̀yìn. Àwọn ará Èkó pè é ní Máàrúwá, nítorí Buba Marwa tó ṣe gómìnà ológun níbẹ̀ láti 1996 sí 1999. Níbòmíràn, kẹ̀kẹ́ Napep ni, láti ara NAPEP, ètò ìmúkúrò ìṣẹ́ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 2001.

Ẹ kíyè sí ohun tó wá ṣẹlẹ̀. Napep jẹ́ ẹ̀yán tó ya kẹ̀kẹ́ tuntun sọ́tọ̀ kúrò lára ti àtijọ́. Nígbà tó yá, ẹnu àwọn èrò gé ẹ̀yán náà sọnù, ó ku kẹ̀kẹ́ nìkan. Àbúrò gba orúkọ mọ́ ẹ̀gbọ́n lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kan tí mò ń wá ibi tí wọ́n ti ń tún básíkù ṣe, mo bi bàbá kan tó jókòó sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ léèrè:

"Ẹ kúùṣẹ́ o, bàbá. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ibo ni wọ́n ti ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ládùúgbò yìí?"

"Kẹ̀kẹ́? Máa lọ síwájú. Tóo bá kọjá àwọn tó ń ta táyà, wàá rí àwọn mẹkáníìkì Napep."

"Básíkù ni mo ń wí sà."

"Áà, básíkù! Ta ló tún ń gun ìyẹn?"

Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ kékeré yìí ni a ń pè ní yíyí ìtumọ̀ padà nínú ìwé. Kẹ̀kẹ́ ti di ọ̀rọ̀ pọ́nna, ìtumọ̀ tó sì kọ́kọ́ ń wá sí ọkàn ará ìlú ńlá kì í ṣe básíkù mọ́. Ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ básíkù ló ní láti ṣàlàyé ara rẹ̀.

2. Gùn, wà àti wọ̀

Bí ọ̀rọ̀-orúkọ ṣe di pọ́nna tó, ọ̀rọ̀-ìṣe kò gbàgbé. Ẹ wo gbólóhùn méjì yìí:

(a) Adé gun kẹ̀kẹ́ lọ sí Sángo.
(b) Adé wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí Sángo.

Kò sí ẹni tó gbọ́ Yorùbá tí yóò rò pé Napep ni Adé lò nínú (a), tàbí pé básíkù ni ó lò nínú (b). Àbọ̀ kan náà ni, ọ̀rọ̀-ìṣe ló tú pọ́nna náà. À ń gun igi, à ń gun òkè, à ń gun ẹṣin, à ń gun ọ̀kadà. À ń wọ ilé, à ń wọ mọ́tò, à ń wọ Napep. Wà ní tirẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó ń darí: a mú un láti ara wíwa ọkọ̀ ojú omi, a sì fi ń sọ ti mọ́tò.

Kí ló wá ya gùn sọ́tọ̀ kúrò lára wọ̀? Ohun tó bá ní inú la ń wọ̀. Ohun tí a bá ń gùn, orí rẹ̀ la máa ń wà. Ẹ ronú nípa tírélà: ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ dírẹ́bà wọ tírélà ni, ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sórí ẹrù lẹ́yìn gun orí ẹrù. Ọkọ̀ kan náà ni, ewu wọn kò dọ́gba. Ẹni tó wọ̀ ní irin, gíláàsì àti bẹ́líìtì láàárín ara rẹ̀ àti ìta. Ẹni tó gùn kò ní nǹkan kan àfi aṣọ ọrùn rẹ̀.

Ìpín yìí bá ohun tí àwọn onímọ̀ ìlera ń kà mu. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ nínú ìròyìn wọn ti ọdún 2023 pé ìjàm̀bá ojú pópó pa nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.19 ènìyàn ní 2021, àti pé òun ló ń pa àwọn tó wà láàárín ọdún 5 sí 29 jù lọ. Ó ju ìdajì àwọn tó kú lọ tó jẹ́ ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, ẹni tó gun básíkù àti ẹni tó gun alùpùpù. Ẹ wò ó: àwọn tó ń rìn àti àwọn tó gùn. Ọjọ́ orí tèmi àti tiyín ló sì wà láàárín yẹn.

3. Kí ló ń pa ẹni tó gùn?

Èkíní ni eré. Agbára tí ọkọ̀ fi ń gbá ènìyàn kì í pọ̀ sí i ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú eré rẹ̀. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, agbára náà di ìlọ́po mẹ́rin. Mọ́tò tó ń sá 60 kìlómítà ní wákàtí kan kò burú ju èyí tó ń sá 30 lọ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni. Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń sọ pé níbikíbi tí ẹlẹ́sẹ̀ àti ológeere bá ti ń bá ọkọ̀ pàdé, kí eré má kọjá 30. Láàárín ìlú ní Nàìjíríà, 50 ni òfin sọ, ẹ sì mọ bí àwọn oníṣẹ́ àsápajúdé ṣe ń pa á mọ́.

Èkejì ni etí ọ̀nà. Wọ́n ní kí oníbásíkù máa gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. Ṣùgbọ́n kí ló wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún wa? Gọ́tà tí kò ní ìdérí, iyanrìn tí òjò wọ́ wá, àtẹ ìyá alátà, àti ọkọ̀ èrò tó kàn dúró lójijì. Bó bá yà fún kòtò, ó ti bọ́ síwájú mọ́tò tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò ní ó ń gun kẹ̀kẹ́ játijàti.

Ẹ̀kẹta ni oríta. Ọkọ̀ tó fẹ́ ya sí ọ̀tún máa ń gé ojú ọ̀nà mọ́ ẹni tó ń lọ tààrà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, dírẹ́bà ọkọ̀ ńlá sì lè má rí i rárá.

Hẹ́límẹ́ẹ̀tì dára, iná ẹ̀yìn dára, aṣọ tó ń tàn lálẹ́ náà dára. Ẹ má fi wọ́n sílẹ̀. Ṣùgbọ́n hẹ́límẹ́ẹ̀tì kì í dín eré mọ́tò kù, kì í sì í bo gọ́tà. Ìgbà tí ohun gbogbo bá ti bàjẹ́ tán ló ń ṣiṣẹ́.

4. Ẹ̀kọ́ láti ìlú méjì

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àwọn ará Nẹ́dálàǹdì fẹ́ràn básíkù láti inú ìyá wọn ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, mọ́tò gba ìlú wọn kan. Ní 1971 nìkan, nǹkan bí 3,300 ènìyàn kú lójú pópó wọn, ó sì ju 400 ọmọdé lọ nínú wọn. Àwọn òbí fárí ìwọ́de. Wọ́n pe ẹgbẹ́ wọn ní "Stop de Kindermoord", ìyẹn "Ẹ dẹ́kun pípa ọmọdé". Ẹ wo bí wọ́n ṣe yan ọ̀rọ̀: wọn kò pè é ní "àgbákò", ìpànìyàn ni wọ́n pè é. Nígbà tí epo wọ́n gógó ní 1973, ìjọba pàápàá rí ìdí tó fi yẹ kí wọ́n gbọ́.

Èdè wọn náà yẹ ká wò. Fiets ni básíkù. Bromfiets ni alùpùpù kékeré, brom sì ni ìró tó ń kùn bíi ti kòkòrò, gẹ́gẹ́ bí tiwa ṣe ń lù pù-pù. Nítorí pé orúkọ méjèèjì yàtọ̀ gbangba, òfin lè yà wọ́n: láti oṣù kejìlá 1999, wọ́n mú bromfiets kúrò ní ọ̀pọ̀ ipa básíkù láàárín ìlú, wọ́n dá a padà sójú ọ̀nà mọ́tò. Wọ́n tún ní woonerf, tí òfin fọwọ́ sí ní 1976: àdúgbò tí mọ́tò ti gbọ́dọ̀ rọra lọ nítorí ibi tí ènìyàn ń gbé ni. Ọmọ Yorùbá kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí ìyẹn. Ta ló ń sáré wọ agboolé?

Ìlú kejì ni Sevilla ní Sípéènì. Láàárín 2006 sí 2007, wọ́n ṣe nǹkan bíi kìlómítà 80 ipa básíkù, wọ́n sì fi ìdènà yà á kúrò lára ọ̀nà mọ́tò. Wọ́n gba ibi ìgbọ́kọ̀sí láti fi ṣe é. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni pé ipa náà so pọ̀. Wọn kò ṣe ẹ̀yà kan síbí, ẹ̀yà kan sọ́hùn-ún. Láàárín ọdún mélòó kan, iye àwọn tó ń gun básíkù di ìlọ́po-ìlọ́po. Ẹni tó bá sì ní oòrùn tiwa pọ̀ jù, kí ó rántí pé ooru Sevilla máa ń kọjá 40 nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

5. Nílé ńkọ́?

Ìpínlẹ̀ Èkó gbé ìlànà kan jáde ní 2018 lórí ìrìnnà tí kò lo ẹ́ńjìnnì, fún ẹlẹ́sẹ̀ àti oníbásíkù. Ó dára pé ó wà lórí ìwé. Ìwé kì í gba ènìyàn lọ́wọ́ tírélà, àfi kí ó di kọnkéré.

Àwọn kan yóò ní àwọn èèyàn wa kò lè pa irú òfin bẹ́ẹ̀ mọ́. Èsì mi ni ọjọ́ kejì oṣù kẹrin 1972. Títí di ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀, apá òsì ni gbogbo Nàìjíríà ń gbà wakọ̀. Ọjọ́ yẹn gan-an ni a bọ́ sí ọ̀tún, ibẹ̀ náà la sì wà títí dòní. Bí wọ́n bá ṣe ọ̀nà bó ṣe yẹ, tí wọ́n sì ṣàlàyé fún ará ìlú, a máa ń kọ́ ọ.

Ní Ìbàdàn, òkè pọ̀, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ibi tí a ti lè bẹ̀rẹ̀ kò ṣòro: ká bo gọ́tà kí orí rẹ̀ di ipa, ká fi òkúta ìdènà yà á kúrò lára ọ̀nà mọ́tò, ká mú eré wálẹ̀ sí 30 níwájú ilé-ìwé àti ọjà, ká so ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé pọ̀ mọ́ ẹnu géètì láìsí ibi tó já.

6. Ọ̀rọ̀ tí a ó fi kọ ọ́

Ibí ni iṣẹ́ tiwa wà. Ẹ kọ "ọ̀nà kẹ̀kẹ́" sára pátákó lónìí. Kó tó di ọ̀la, Napep mẹ́wàá ti tò síbẹ̀, àwọn awakọ̀ náà kò sì ṣẹ̀, nítorí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń pe tiwọn. Pọ́nna tó ń pa wá lẹ́rìn-ín nínú kíláàsì lè pa ènìyàn lójú pópó.

Nítorí náà, mo dábàá pé ká jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ fún ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta dúró bí ará ìlú ṣe ń lò ó, ká sì lo ológeere, tó ti wà nínú kẹ̀kẹ́ ológeere, fún básíkù nínú gbogbo àkọsílẹ̀ ìjọba. Ipa ológeere ni ọ̀nà rẹ̀ yóò jẹ́. Kí àwòrán básíkù sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ náà fún ẹni tí kò lè kàwé.

Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé kẹ̀kẹ́ yí ìtumọ̀ padà, pé gùn àti wọ̀ ya ẹni tí ara rẹ̀ wà níta sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí irin bò, àti pé eré, etí ọ̀nà àti oríta ni ibi tí ewu wà. Èdè wa ti mọ ẹni tó nílò ààbò tipẹ́. Ọ̀nà wa ni kò tíì mọ̀ ọ́n.

Ìbéèrè fún àṣàrò

1. Kí ni wọ́n ń pe básíkù ní ẹ̀ka-èdè ìlú yín? Ẹ bi àwọn àgbà ilé, ẹ sì kọ ohùn orí rẹ̀ dáadáa.
2. Ǹjẹ́ ẹ ti gbọ́ "wa kẹ̀kẹ́" fún básíkù rí? Ta ló sọ ọ́, ọmọ ọdún mélòó sì ni?
3. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ ti jáde, tẹ́ ẹ wà nílé-iṣẹ́ ìròyìn tàbí ọ́fíìsì ìjọba: ọ̀rọ̀ wo lẹ ń lò fún básíkù nínú ìròyìn ìjàm̀bá, kí ló sì dé tẹ́ ẹ fi yàn án?